Mìlímítà Méjì Tí Bàbá Àwòrán Fi Pamọ́

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbáko ni Bàbá Àwòrán fi tọ́jú àwòrán ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pọ́ǹpù omi, ẹyọ kan kò sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí àwọn tó ń gé irin bá wá gba àwòrán, kò ní nà án sí wọn lásán. Tó bá jẹ́ ti ìdérí pọ́ǹpù ńlá, á fi ìka tọ ojú ibì kan, á ní, “Mìlímítà mẹ́jọ ló wà nínú ìwé o, mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ gé.” Ẹnjiníà tó yà á nígbà náà lọ́hùn-ún fi mìlímítà méjì dín nínípọn irin rẹ̀ kù, kò sì tó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tún àwòrán kan ṣe níbẹ̀, ènìyàn márùn-ún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ta ló ráyè ìyẹn? Ẹnu ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Kọ̀ǹpútà dé, ó kọ́ ọ. Ètò ìyàwòrán tó kọ́ lórí rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n rà á, ó sì di tiwọn. Kò pẹ́, ilé iṣẹ́ ńlá kan gbé àwọn tó ṣe é mì, ètò náà sì kú fin-ín. Ayé wá yí padà: wọn kì í ta ètò mọ́, háyà ni, ọdọọdún ló sì ń wọ́n sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì tó wá polówó èyí tuntun sọ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ètò náà ń gbé, pé á máa tọ́jú pọ́ǹpù látọjọ́ ìbí dọ́jọ́ ikú. Àwòrán á ti inú rẹ̀ bọ́ tààrà sínú ẹ̀rọ tó ń gé irin, kò ní gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

“Ọwọ́ ta ni kò ní gbà kọjá?” Bàbá Àwòrán bi í.

Onítáì rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, sà.”

Ọ̀gá ní kí Bàbá Àwòrán kó gbogbo àwòrán sínú ètò náà, pé tó bá ṣe é dáadáa, àwọn á wá àyè fún un. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Ìgbà tó kan ìdérí pọ́ǹpù ńlá ló dáwọ́ dúró. Ọkàn kan ní kó kọ mẹ́wàá. Ọkàn kejì ní, “Ìwọ yìí náà! Tó o bá kó gbogbo ohun tó o mọ̀ fún wọn tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọ́ ṣe?” Ó fi mẹ́jọ sílẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù! Ó rò pé omi á kàn máa jò ni, tí wọ́n á sì sáré wá pè é. Ó sì mọ̀ o, ó mọ̀ pé àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ mú wọ ilé iṣẹ́ náà, ló ń fi omi dán pọ́ǹpù wò.

Ọ̀sẹ̀ tó parí iṣẹ́ ni wọ́n fún un níwèé pé kó máa lọ sílé. Ó wá jókòó ti fóònù.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ tiẹ̀ jáde kẹ́ ẹ gbatẹ́gùn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Mò ń retí ìpè.”

“Látọ̀dọ̀ ta ni?”

Ó yíjú sí fóònù. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í.

Lóṣù karùn-ún tó ti wà nílé, fóònù dún. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni, ẹkún ló ń sun. Ìdérí pọ́ǹpù ńlá kan fọ́ lójú ìdánwò, irin sì fò mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú.

Nígbà tó dé ọsibítù, bándéèjì ti bo ojú àbúrò rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ní ti ọ̀tún ti lọ. Bàbá Àwòrán di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìyẹn?” àbúrò rẹ̀ béèrè. “Mo gbọ́ ìrìn yín. Ọ̀gá wá síbí lánàá. Mo sọ ọ́ sí i lójú pé tí ẹ̀gbọ́n mi bá wà níbẹ̀, irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Ó gbà! Ó ní lọ́jọ́ Ajé kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ojú mi kan lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo bá yín gba iṣẹ́ yín padà.”

Bàbá Àwòrán tẹjú mọ́ bándéèjì náà. Àbúrò rẹ̀ fọwọ́ tálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì títí ó fi kan ọwọ́ rẹ̀, ó sì dì í mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ṣé inú yín ò dùn ni?”