Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Rà fún Ìyàwó Mi

Òórùn rọ́bà tí oòrùn ti pa, àti ti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ túbù, ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn lẹ́yìn Petit Marché, ọjà ìlú kan nílẹ̀ àwọn Zarma, níbi tí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe jókòó sí lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó ju ogún ọdún lọ tí mo ti ń ta aṣọ nítòsí ibẹ̀, ṣùgbọ́n n kò yà sọ́dọ̀ wọn rí títí di ọdún tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ká.

Agbẹ̀bí ni ìyàwó mi. Àdúgbò Maourey là ń gbé, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kékeré kan ní òdìkejì Odò Ọya ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ èrò máa ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, àmọ́ àwọn aboyún tó ń bójú tó wà ní àwọn abúlé tó jìnnà sí títì, yangí àti iyanrìn sì ni ọ̀nà wọn. Àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń gun ọ̀kadà nígbà tí epo bá wà. Òun ní tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn, irú èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti òkúta, tí táyà rẹ̀ fẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílé. Àwọn kan nínú àwa Yorùbá tí a jọ ń kírun rò pé kò yẹ kí ìyàwó mi máa gun kẹ̀kẹ́ kiri. Èmi ò rí àbùkù kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n, kí n sọ òótọ́, n kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí abúlé kan lọ́sàn-án. Ó di àpótí oògùn mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gbéra. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí àgbàrá ti gé ọ̀nà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ká bí ìdérí ìkòkò tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé e ṣubú. Ó dìde, ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó ru àpótí, ó sì ń sáré lọ. Nígbà tó fi máa débẹ̀, ọmọ ti wáyé tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá lára ìyá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó ti fún un kété tí ọmọ jáde, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i fún un. Ọmọlanke tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà ni wọ́n fi gbé obìnrin náà wá sí títì. Ó yè, àmọ́ ó pẹ́ ní ọsibítù.

Ìyàwó mi gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ká náà wálé. Ó gbé e ti ògiri, ó jókòó sórí ẹní láìbọ́ bàtà.

“Bàbá Bíntù, ó kù díẹ̀ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Mo ní, “Kẹ̀kẹ́ yẹn tó gẹ́ẹ́. Fi í sílẹ̀.”

Mo mọ̀ ọ́n: bí mo bá ní kó má gùn ún mọ́, ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn. Mo rò ó títí, mo wá pinnu pé màá ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì ní tuntun fún un, láìsọ fún un, kí inú rẹ̀ lè dùn lójijì.

Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta àwọn ẹrù tó ti òkè òkun wá ni mo ti rí wọn. Wọ́n ń dán bíi dígí. Rímù wọn tẹ́ẹ́rẹ́, sípóòkì wọn kò pọ̀, pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa yí etí wọn ká. Ìka kan ni mo fi gbé ọ̀kan nínú wọn, ó fúyẹ́. Mo yí i, ó ń yí lọ láìdún. Ojú ni mo fi rà á.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó fún sípóòkì méjì pọ̀ láàárín ìka rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ilẹ̀.

“Ẹ ṣeun. Ó rẹwà.”

Ó rẹwà ló sọ. Kò ní ó dára. N kò fura. Ó fi aṣọ bò wọ́n sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí àwọn abúlé rẹ̀. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ kan, inú bí mi.

“Ṣé ohun tí mo rà fún ọ kò tẹ́ ọ lọ́rùn ni?”

“Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà bá mi lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan péré.”

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo bá a lọ. Orí ọmọlanke kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mo jókòó sí pẹ̀lú àpótí oògùn. Mo ti gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan gbé àpótí náà, n kò rí i gbé. Yìnyín tí wọ́n fi ń mú oògùn tutù wà nínú rẹ̀. Òkúta yangí yọ gọngọ lójú ọ̀nà, gbogbo ibi tí a bá sì ti bọ́ sínú kòtò ni eyín mi ń gbá ara wọn. Mo ti sọ̀ kalẹ̀, tí mo ń fẹsẹ̀ rìn, kí a tó dé ibi tó ti ṣubú. Ó fi ọwọ́ tọ́ka ibẹ̀ fún mi.

Ní abúlé, obìnrin ọjọ́ náà jáde sí wa, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. “Fofo, fofo,” ló fi ń dúpẹ́, ó di ìyàwó mi lọ́wọ́ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó fi èdè Zarma sọ pé, “Ìyàwó rẹ sáré. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó rí i.”

Ojú tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyàwó mi gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń dán náà lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò. Bàbá arúgbó kan ló dá wa lóhùn, Zarma ni. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló kọjú sí: báwo ni ẹrù ṣe wúwo tó, irú ilẹ̀ wo ni, ṣé ẹ̀yìn ni ẹrù ń wà? Nígbà tó gbọ́ tán, ó fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi lélẹ̀ gbalaja, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ létí. Mo rí i tó mì.

Ó ní, “Fún ọ̀nà tó tẹ́jú ni èyí.”

Ó wá mú rímù dúdú kan jáde tí kò wu ojú rárá. Ó fẹ̀, ìpele irin méjì ló ní nínú, ihò sípóòkì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Mo gbé e wò.

Mo ní, “Èyí wúwo jù.”

Ìyàwó mi dáhùn pé, “Ẹsẹ̀ mi ni yóò wà á.”

A jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Bàbá náà ń ki sípóòkì tó nípọn bọ inú rímù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n kọjá lára ara wọn bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tò wọ́n tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ta wọ́n, ó ń gbọ́ ohùn wọn. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá wálẹ̀, á yí i le sí i. Mo bi í léèrè ìdí.

“Èyí tó bá dẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé ẹrù rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti ká.”

Ẹsẹ̀ tuntun náà le. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyàwó mi ní apá ń dun òun, pé kò sí òkúta tí ọwọ́ òun kò mọ̀. Bàbá ní kó dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀, ó sì sàn. Ìgbà òjò méjì ti kọjá lórí rẹ̀, sípóòkì kan ò tíì já. Àwọn tó ń dán wà lọ́wọ́ bàbá náà. Mo ní kó máa fi wọ́n ṣe ohun tó bá wù ú.

Ìfẹ́ ni mo fi rà wọ́n, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó gùn wọ́n láti má ba inú mi jẹ́, ibi kan náà ni yóò ṣubú sí, aboyún mìíràn yóò sì máa dúró dè é. N kì í na aṣọ síwájú oníbàárà kí n tó bi í pé kí ló fẹ́ fi rán, òde wo ló sì ń wọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tí a jọ ń gbé nìkan ni mo rò pé mo mọ ìdáhùn tirẹ̀ láìbéèrè.

Láìpẹ́ yìí, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà kò lè gbé òun. Aṣọ ìbora ọmọ ló ń ká lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

Ó ní, “Ẹ ò bi mí ni.”

Mo máa ń bi í nísinsìnyí.