Orúkọ Tí Safiyyah Kò Lè Pè

Bí ẹ bá dé ilé wa ní Èsìẹ́, ẹ yà sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ óò bá arúgbó obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́. Safiyyah ni. Ọmọ Òmùpo ni, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n mi Sámúẹ́lì, ọmọ ìjọ, ló gbé e níyàwó wá sílé wa kété lẹ́yìn òmìnira, kò sì sẹ́ni tó ní kó má kírun. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ọkọ tèmi náà ti kú, mo ti padà sílé bàbá mi. Àwa obìnrin méjì yìí ló kù nínú ilé ńlá náà, a sì ń ṣọ́ ara wa. Ó dáa, kí n má purọ́: èmi ni mò ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ó máa ń fún kálukú lórúkọ tirẹ̀ ni. Àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ti ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ṣùgbọ́n Safiyyah kọ́! Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, kò tíì ki ẹnu bọ orúkọ ẹnì kankan nínú wa. Helen ni wọ́n sọ mí. Ọmọdé ni mí nígbà tó dé, mo wọ bàtà funfun kan tí wọ́n rà fún mi ní Òmù-Àrán, ló bá ní, “Sísí mi.” Sísí mi náà ni mò ń jẹ́ títí dòní, èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún! Àwọn ọmọ ìwòyí ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ Sísí mọ́. Qonitah, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bi mí lọ́jọ́ kan bóyá orúkọ ajá ni. Òun ní tirẹ̀, “Háì, Gírándìmá” ló fi ń kí mi, kò sì ní kúnlẹ̀.

Bàbá mi náà ní orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé fún un. Yẹ́sà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá òyìnbó kan tó ń wọn ọ̀nà rẹrù, gbogbo gẹ̀ẹ́sì tó sì gbọ́ kò ju yẹ́sà lọ. Òyìnbó bi í bóyá ó jí adìẹ òun jẹ, ó ní yẹ́sà. Òyìnbó bi í bóyá orí rẹ̀ dàrú ni, ó tún ní yẹ́sà. Àwọn ìyàwó ilé gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń ro wọ́n, ni orúkọ bá mọ́ ọn lára. Safiyyah bá a bẹ́ẹ̀, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Iyìolúwa wá láti Àbújá. Ọmọ ìlú wa ni, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wò ó dàgbà. Ó ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ló rán òun kí òun fi fóònù gba ìtàn ìlú sílẹ̀ lẹ́nu àgbà. Ó ní wọ́n tún fẹ́ mọ ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwé tó wà lọ́nà oko, kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri. Inú mi dùn! Bàbá mi ló fún wọn nílẹ̀ náà. Àwọn tó mọ̀ ti kú tán, ṣùgbọ́n ó ṣojú Safiyyah, òun ló gbé omi fún àwọn àlejò lọ́jọ́ náà.

Àmọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ tí mo lọ sóko gan-an ni Iyìolúwa wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀? Kí ni búrẹ́dì àti sàdíìnì ń wá níbẹ̀? Mo dé, mo bá agolo òfìfo lórí tábìlì. Mo ní, “Ìyàwó, kí lo sọ fún un?”

Ó ní, “Ohun tí mo mọ̀ ni, Sísí mi.” Ó sì yíjú sí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ha. Ó ku díẹ̀ káàtó. Lọ́jọ́ kejì, Mùstàfá, olórí agboolé tó kángun sí tiwa, kí mi títí lójú ọ̀nà, ó tún bi mí nípa orúnkún mi. Mùstàfá tí kì í kí ènìyàn láìrí ohun tó máa jẹ níbẹ̀! Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú lásán.

Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ pé, a kóra jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Iyìolúwa dìde, ó ń ka ìtàn náà ní gẹ̀ẹ́sì. Mo gbọ́ díẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà tí wọ́n ń fi pàṣán kọ́ wa. Tiwọn yìí ń sáré jù fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀, mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ní àjèjì kan tó ń jẹ́ Místà Yẹ́sà ló fún wọn, pé ó jọ pé ìhà Ṣàárẹ́ ló ti wá. Bàbá mi di àjèjì lójú mi! Kí n tó ríbi di ọ̀pá mi mú, Mùstàfá ti dìde. Ó ní àjèjì kì í ní ilẹ̀ nílùú onílùú, pé agboolé òun ló yá a ní ilẹ̀ tó fi ń dáko, nítorí náà orúkọ bàbá òun ló yẹ ògiri. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo délé, mi ò tiẹ̀ jókòó. Mo ní, “Ìyàwó, kí ni wọ́n fún ọ lẹ́yìn sàdíìnì?”

“Ta ni, ọkọ mi?”

“Má bi mí ní ta ni! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? O ti ta bàbá mi fún Mùstàfá!”

Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Mo ní Yẹ́sà ló fún wọn. Mo tún un sọ pàápàá, kí ọmọ náà lè gbọ́.”

“Kí ló wá dé tí o ò dárúkọ rẹ̀?”

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ṣọ sílẹ̀ lọ́jà. “Èmi? Kí n la ẹnu kí n pe Bàbá lórúkọ? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?”

Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi. Ọmọ Àbújá kò mọ̀ pé orúkọ ìyàwó ilé ni, kò sì béèrè. Ohun tí kò yé e, ó fi gẹ̀ẹ́sì dí i. Ṣùgbọ́n Mùstàfá ńkọ́? Ìlú yìí ló dàgbà sí. Ìyàwó tirẹ̀ ń pè é ní Akọ̀wé mi, bẹ́ẹ̀ kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú! Ó mọ̀ dáadáa.

Mo gba ọ̀dọ̀ Iyìolúwa lọ, mo ní bàbá mi ni Yẹ́sà. Ó gbá orí mú, ó ní, “Sọ́rì, Mà. Sọ́rì, Mà.” Yẹ́sà ni ti ayé bàbá mi, sọ́rì ni tiwọn. Ó ṣáà sáré pe àwọn àgbà padà.

Nígbà tí a tún pé jọ, Mùstàfá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní gbogbo ẹni tó bá òyìnbó rẹrù láyé ìgbà yẹn ni wọ́n ń pè ní Yẹ́sà. Ó ní ọmọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni mí, ẹnu mi kò ṣeé gbà. “Ìyáàfin Safiyyah ló ṣojú rẹ̀. Kí wọ́n dárúkọ ẹni náà níwájú gbogbo wa. Bí wọn ò bá lè dárúkọ rẹ̀, kí akunlé máa kọ orúkọ bàbá mi sára ògiri lọ.”

Ẹlẹ́tàn! Ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta obìnrin náà lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló tẹ̀. Àwọn àgbà sì gbà, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Akunlé ti ń po ọ̀dà níta, mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Safiyyah dìde. Kò lọ síwájú. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, ẹ̀rù sì bà mí, mo rò pé ilé ló fẹ́ ká máa lọ. Ó dé iwájú mi, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, òun tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ.

Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ kù tó lè dúró fún Bàbá. Ẹ yọ̀ǹda mi kí n pe Bàbá lórúkọ. Kẹ́ ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n pé kì í ṣe àrífín.”

Ojú gbà mí tì. Mo rántí sàdíìnì tí mo fi pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, “Mo yọ̀ǹda ẹ. Pè é kó rinlẹ̀.”

Ó dijú. Ó ní, “Jòhánù.” Ó fọwọ́ kan ilẹ̀. “Jòhánù Fọ́lọ́runṣọ́. Àlàó. Òun ló fún wọn nílẹ̀ náà. Èmi ni mo gbé omi wá.”

Kò sí obìnrin tó wà níbẹ̀ tí kò mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Mùstàfá ń wo ilẹ̀. Àlàó yẹn, èmi ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ ọ rí. Ìyá rẹ̀ ló ń kì í bẹ́ẹ̀, àwọn ìyàwó ilé gbọ́ ọ, wọ́n sì fi pamọ́ sínú. Ká ní Safiyyah ti kú ṣáájú ni, à bá ti kọ bàbá mi sára ògiri láìní Àlàó, tàbí ká má tiẹ̀ kọ ọ́ rárá.

Àgbà kan ní ó tán. Wọ́n ránṣẹ́ sí akunlé níta pé kó kọ orúkọ bàbá mi. Mùstàfá wá kí mi kú oríire, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì mọ ohun tó ń wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ Safiyyah létí. Mo ní, “Nígbà tó o ti pe ti Bàbá, pe tèmi náà. Helen ni.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ọ̀kan ti tó mi rù dé ọ̀run. Sísí mi, ẹ fà mí dìde, orúnkún mi ti kú.”

Mo fà á dìde.