Ihò Mẹ́rin àti Ojú Ọgbẹ́ Kan

Àbúrò mi ọkùnrin ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ ọ̀rá kan ní Sàǹgó. Bó bá ti ń tú ẹ̀rọ, á tẹ́ àkísà sílẹ̀, á máa kó bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ lé e. Bó bá tò ó tán, tó rí i pé bóòtù kan ṣoṣo ṣẹ́kù lórí àkísà, á tún un tú. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí oúnjẹ bá pẹ́ kó tó jinná nílé rẹ̀, sítóòfù ni yóò tú.

Lọ́dún tí wọ́n ń kọ́ yunifásítì tuntun nítòsí wa, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń hù bí olú, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Àgbo ló ń mu títí ó fi rù kan eegun. Nígbà tí a máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni.

Dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà láti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Àwọn lè lu ihò kéékèèké mẹ́rin síkùn rẹ̀, kí àwọn ti kámẹ́rà àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́; tàbí kí àwọn la ikùn náà gbọọrọ. Ibi kan náà ni àwọn máa gé, àmọ́ oníhò kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, aláìsàn á sì tètè dìde.

Àbúrò mi mi orí. "Dókítà, mi ò tún ẹ̀rọ tí mi ò tú ṣe rí. Ẹ là mí, kí ẹ fojú ara yín rí i."

Mo ní ikùn rẹ̀ kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí ju òun tó ni ikùn lọ, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi buwọ́ lu oníhò. Dókítà kìlọ̀ pé bí kókó jẹjẹrẹ náà bá lẹ̀ mọ́ nǹkan míì, àwọn máa là á náà ni.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù láti àárọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì ń gbàdúrà nínú gbohùngbohùn, mo ń ṣe àmín sí àdúrà ẹni tí n kò mọ̀. Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì jáde wá sọ pé ó ti lẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀, wọ́n ti là á.

Nígbà tó jí, ọwọ́ rẹ̀ wá báńdéèjì tí wọ́n fi di ikùn rẹ̀ kàn, ó tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀.

"Wọ́n padà tú u," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan tó ṣẹ́kù?"

Dókítà ti sọ fún mi pé gbogbo ohun tójú rí ni àwọn gé. Ti èyí tójú ò rí, àyẹ̀wò ló máa sọ, èsì rẹ̀ ò sì tíì dé.

Mo ní kò sí.

Ó wo ẹnu mi. "Ẹ ò mọ irọ́ pa," ó wí, ó sì di ọwọ́ mi mú.