Ìlà Tí Wọ́n Fà Gba Àárín Òpópónà Wa

Láàárín Ìkẹjà àti Agége ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lẹ́yìn ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà, aṣojú kan ṣoṣo la sì ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ, mọ ilé ọkùnrin náà. Nígbà tí omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́ ládùúgbò, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ bá a láàárọ̀ Sátidé, wọ́n sì mú mi dání. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ jáde sí wa. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa, kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì tó parí, omi ti dé. Mo rò pé bí ayé ṣe ń rí nìyẹn.

Ìgbà tí mo ti di tíṣà ni wọ́n pa ẹkùn ìdìbò wa rẹ́, tí wọ́n pín in sí méjì. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè. Ọjọ́ ìdìbò gan-an ni ìyá mi mọ̀. Ó lọ tò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń dìbò látìgbà tó ti wọlé bàbá mi, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àárín òpópónà wa ni wọ́n fa ìlà gbà: àwa bọ́ sí ẹkùn kan, àwọn tó dojú kọ wá bọ́ sí òmíràn. Ìyá mi bínú padà sílé, kò sì dìbò mọ́ títí tó fi kú.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ògiri gọ́tà ńlá tó la òpópónà yẹn já wó. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ á wọ yàrá wa. Ẹgbẹ́ onílé fi mí ṣe akọ̀wé, mo bá kọ lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì aṣojú wa nítòsí títì Allen ní Ìkẹjà.

Ọmọbìnrin tó gba lẹ́tà náà kà á tán, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹkùn kejì ló ni gọ́tà yẹn."

Mo lọ sí ti ẹkùn kejì. Ọkùnrin ibẹ̀ ní, "Mà, ẹkùn tiyín ló ni ín. Àbí ẹ ní ìwé tó sọ ibi tí ìlà gbà?"

Ìwé ọ̀hún ni mo wá lọ ọ́fíìsì ìjọba ní Ìkẹjà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ. Nígbà ìkẹta, òṣìṣẹ́ kan wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹkùn tó ti kú lẹ ń wá fáìlì rẹ̀?" Omi bọ́ lójú mi níwájú rẹ̀, kì í ṣe ti ìbànújẹ́ o, ti ìbínú ni.

Bàbá àgbàlagbà kan láti Ìjẹ̀bú, aládùúgbò mi tó máa ń ka ìbò nígbà kan, ló gbà mí. Ó jókòó tì mí fún ọjọ́ méjì, ó ń sọ ìtàn ẹkùn náà àti ibi tí ìlà gbà, ojúlé sí ojúlé, èmi ń kọ ọ́. Mo kó o lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣojú méjèèjì, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i pé àwọn ti gbà á, ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí ìdìbò sún mọ́lé, àwọn aṣojú méjèèjì rántí wa. Ọ̀kan gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ sétí gọ́tà lápá ọ̀dọ̀ wa, èkejì gbé tirẹ̀ kọ́ sí òdìkejì. Àwòrán méjèèjì ń rẹ́rìn-ín síra wọn lórí ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé búlọ́ọ̀kù kan wá.

Sátidé tó kọjá, àwa onílé apá méjèèjì fúnra wa rọ yẹ̀pẹ̀ sínú àpò, a tò ó dí ojú ibi tó wó. Nígbà tá a jókòó sinmi, bàbá Ìjẹ̀bú náà ní, "Tíṣà, ṣé ká tún kọ lẹ́tà míì ni?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti sú mi."