Obì Tí Wọ́n Fi Ń San Owó Ìránṣọ

Òórùn ìda oyin ni ó kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú bí mo bá ń ronú nípa ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ní Manigri, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba lórí Dahomey. Kì í ṣe òórùn tàdáwà tí a fi ń kọ wàláà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tàdáwà ti ń kun ìka mi tipẹ́tipẹ́ kí n tó mọ ohun tí à ń pè ní abẹ́rẹ́. Inú ìda ni a ti máa ń fa òwú kọjá kí ó má baà já bí ó bá ń gba inú aṣọ tó nípọn kọjá. Fà á lẹ́ẹ̀kan, òwú á le. Fà á lẹ́ẹ̀kejì, á dán. Bí o bá fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn, aṣọ funfun á sì di aláwọ̀ eérú. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ìyẹn. Ojú ara mi ni mo fi rí i.

Ilé kéwú ni mo ti dàgbà. Bàbá mi fi mí fún àáfà àgbà kan nígbà tí eyín mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀, mo sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí irùngbọ̀n fi bò mí lágbọ̀n. Mo ka Kùránì tán, wọ́n ṣe wọlímọ̀ fún mi, mo bọ́ sínú ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀: ẹ̀kọ́ òfin, ẹ̀kọ́ bí a ti ń pín ogún, ìtumọ̀ Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwa mélòó kan ni a jọ wà ní ipele yẹn. A ti parí, ṣùgbọ́n a kò lọ. Láàárọ̀ a ó kọ́ àwọn ọmọdé ní wàláà, lọ́sàn-án a ó kọ ebè iṣu fún olùkọ́ wa, nírọ̀lẹ́ a ó tún jókòó ti ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni à ń dúró dè, a ó ní ìmọ̀ kò lópin. Èmi gan-an ni ohùn mi ń ròkè jù bí a bá ń sọ ọ́. Ohun tí a kò sọ ni pé mọ́sáláṣí kan ṣoṣo ni ìlú ní, lemọ́mù kan ṣoṣo ni mọ́sáláṣí ní, ara bàbá náà sì le koko.

Olùkọ́ wa ni ó kọ́kọ́ ní ìgboyà láti sọ ọ́ jáde. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ó pe àwa tí a ti parí jọ sábẹ́ igi irú tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti kọ́ yín ní ohun tí mo mọ̀, ẹ sì ti pọ̀ ju ohun tí ìlú yìí lè bọ́ lọ. Bí mo bá fi yín sílẹ̀ báyìí, ẹ ó máa ṣọ́ ilé olókùú kiri, ẹ ó máa retí kí ẹnìkan kú kí ẹ tó jẹun. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ẹ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́.”

Ọ̀kan nínú wa, tó dàgbà jù mí lọ, dá a lóhùn pé, “Bàbá, ṣé ẹ̀kọ́ wa ti di òfo nìyẹn?”

“Ìgbà tí ebi bá pa ọ́ kú tí ìwọ náà kò kọ́ ẹnìkankan ni ó tó di òfo.”

Inú àwọn kan bàjẹ́. Tèmi kò bàjẹ́, nítorí mo ní ìdí tèmi. Ọmọbìnrin kan wà tí mo fẹ́. Bàbá rẹ̀ jẹ́ agbẹ̀ oníṣu, àká rẹ̀ ni ó tóbi jù lójú ọ̀nà tó lọ sí Bassila. Nígbà tí mo lọ bá a, ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀. “Àáfà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní jẹ sàráà. Ẹ wá iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Títí ìkórè iṣu ọdún tó ń bọ̀, n kò ní fi í fún ẹlòmíràn.” Ọmọ náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ gèlè. Ó ní, “Kí ẹ má kàn gbé àdúà wá o. Bàbá mi ní tirẹ̀ nílé.”

Báyìí ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mélòó kan ṣe dé ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Bassila tó ti kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní Gold Coast. Olùkọ́ wa ni ó sọ àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ, nítorí náà kò lè kọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Mo máa ń ṣe bísímílà kí n tó gún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan bọ aṣọ, mo sì rò pé ìwà mímọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Àáfà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ kí ó kárí. Bí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, ìhòòhò ni aláṣọ yóò wà lọ́jọ́ Iléyá.”

Ó kọ́ wa bí a ti ń gé aṣọ, bí a ti ń wa ẹ̀rọ, bí a ti ń ṣẹ́ etí. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni kò mọ̀. Ìyẹn ni ó sì gba ọkàn mi pátápátá. Mo tọrọ agbádá kan tó ti gbó lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n rán ní Zugu láyé àtijọ́, mo sì ń tú u lójú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí n lè mọ ibi tí ẹni tó rán an ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé kò bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn bí gbogbo ayé ti ń rò. Láti ìsàlẹ̀ àpò ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè bọ̀, kí aṣọ má baà sún kì. Mo rí i pé òwú méjì tí a lọ́ pọ̀ sí ọwọ́ òsì máa ń tàn ju èyí tí a lọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lọ. Bí mo bá ń sọ ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa yán. Kò kàn mí. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Mo padà sí Manigri pẹ̀lú ẹ̀rọ ògbólógbòó tí aránṣọ náà yá mi, mo sì pàtẹ iṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, aṣọ kún ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé òkìkí iṣẹ́ ọrùn mi ni. Ìyá àgbàlagbà kan ni ó kọ́kọ́ wá gba tirẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó kúnlẹ̀, ó kó obì gbànja lé mi lọ́wọ́. “Àáfà, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ bá mi ṣàdúà fún ọmọ mi tí wọ́n kó lọ la ọ̀nà fún òyìnbó.” Ta ni yóò ti ibẹ̀ béèrè owó? Mo ṣàdúà. Ẹni tó tẹ̀lé e jẹ́ olówó, òun náà kó obì sílẹ̀. Mo ní, “Bàbá, owó òwú ńkọ́?” Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

“Àáfà ń dá owó lé mi? Láti ìgbà wo?”

Ní ilẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í bá àáfà ná ọjà. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn ti di ìbùkún, wọn kì í sì dá iye lé ìbùkún. Ohun tí ọkàn rẹ bá sọ ni wàá mú wá, obì ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn sì ń sọ. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Orí ni ìlú pè mí, wọn kò sì jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ rìn. Èyí tó dùn mí jù kì í tilẹ̀ ṣe ti owó. Bí mo bá fi ẹ̀wù lé wọn lọ́wọ́, wọn kì í wo ọrùn rẹ̀ rárá. Wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á máa wá ibi tí mo kọ tírà sí.

Mo lọ ròyìn fún aránṣọ ní Bassila. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní, “Abẹ́rẹ́ ni mo lè kọ́ yín. N kò lè kọ́ yín bí ènìyàn ti ń di ẹni tí kò kàwé rí. Ẹ bọ́ láwàní yẹn, kí ẹ lọ sí ibi tí wọn ò mọ̀ yín.”

Doguè ni mo lọ. Àwọn agbẹ̀ ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, kò sì sí mọ́sáláṣí níbẹ̀ nígbà náà. Mo wọ̀lú láìwé láwàní, mo ní aránṣọ ni mí láti ìhà Bassila, inú yàrá ni mo ti ń kírun. Wọ́n sì bá mi ná ọjà! Obìnrin kan di ẹ̀wù mú níwájú mi, ó pariwo dé ojúde: “Olè ni ọ́! Ṣé wúrà lo fi rán an ni? Wo ojú ẹ bí ojú ológbò tó jẹ ẹja!” Láyé mi, ẹnikẹ́ni kò bú mi bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dín owó kù fún un. Ó sanwó, ó tún padà wá, ó tún bú mi. Owó ń wọlé, iṣu ń ta lóko, ìkórè kù díẹ̀. Gbogbo owó tí mo kó jọ ni mo ti fi ra aṣọ funfun tí n óò fi rán agbádá ìgbéyàwó mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníṣòwò obì kan tó ń kọjá pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ kú sí ìdí igi kan nítòsí ibi tí mo ti ń ránṣọ. Ibà ni ó gbé e wá láti ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ tó bá a rìn ń lọ láti ilé dé ilé. “Ẹ̀yin ará ibí, ṣé kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń wẹ òkú Mùsùlùmí? Ẹ má jẹ́ kí n sin ọkọ mi bí ẹran.” Wọ́n ń mi orí. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Abẹ́rẹ́ wà nínú apá ẹ̀wù, ó gún un dé ìdajì. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá la ẹnu. Ẹsẹ̀ mi dìde kí n tó pinnu.

Mo wẹ̀ ẹ́. Aṣọ funfun mi ni mo fi dì í. Mo kírun sí i lára, mo sì ṣàdúà lórí ibojì rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí mo ti gbé pamọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Nígbà tí a ń bọ̀, obìnrin tó máa ń pè mí lólè kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. “Àáfà, ẹ dárí jì mí, n kò mọ̀.” Ní ọjọ́ kejì, ó wá gba ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ tí mo ti rán tán. Obì ni ó mú wá. Ì bá sàn fún mi kí ó tún pè mí lólè.

Ìkórè dé, mo padà sí Manigri lọ́wọ́ òfo. Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ kò yẹ àdéhùn. Ó dúró títí wọ́n fi to iṣu tán sínú àká. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọmọ rẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà fún òyìnbó, ọkùnrin tó ń gbowó lóṣooṣù. N kò lè dá a lẹ́bi. Ohun tí n kò rò ni pé bàbá náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé aṣọ agbádá ọkọ ìyàwó wá bá mi.

“Ẹlòmíràn lè rán an,” ó ní, “ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìbùkún wà nínú rẹ̀.”

Mo rán an. Láti ìsàlẹ̀ àpò ni mo ti bẹ̀rẹ̀, òwú méjì tí mo lọ́ sí ọwọ́ òsì. N kò ì tíì rán èyí tó dára tó o láti ìgbà náà. Nígbà tí ó wá gbà á, ó yí inú rẹ̀ síta wò, ó kó obì gbànja sórí ẹní mi, ó sì ní kí n ṣàdúà kí ìgbéyàwó náà tòrò. Mo ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo ní, “Bàbá, ẹ sọ pé ọmọ yín kò ní jẹ sàráà.”

Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tètè yé.

“Kò jẹ ẹ́. Èmi ni mo ń fún yín.”

Olùkọ́ mi ti lọ tipẹ́, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ohun tó kọ́ wa kò já sí irọ́, abẹ́rẹ́ náà kò sì já sí irọ́. Lónìí mo ń gbọ́ pé wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ tó ti kàwé dé òkè téńté pé kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn, nítorí iṣẹ́ ìwé kò lè gba gbogbo wọn. Ìmọ̀ràn rere ni. Mo kàn ń ronú pé ta ni ń kọ́ ìlú, kí ará ìlú lè mọ ojú tí wọn yóò fi wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n bá padà dé.

Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìka mi ṣì mọ òwú tó gba ìda jù. Àwọn ọmọ àwọn tó gbé aṣọ wá nígbà náà ti di àgbà, àwọn náà ń gbé tiwọn wá. Obì ṣì ń wọlé. Eyín tí n óò fi jẹ ẹ́ ni kò sí mọ́.