Obìnrin Tí Wọ́n Ní Ó Di Ẹ̀kọ

Òmìnira kò tíì pé ọdún kan nígbà tí wọ́n gbé mi láti Ìníṣà, ìlú mi, wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Ìkìrun. Ọmọge ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ẹnu sì ń yún mi. Kò sí ìtàn tí mo kà tí n kò fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ kan, mo sọ ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ fún wọn. Mo ní obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ẹ́kò, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ ni. Ìyàwó ọba àwọn òrìṣà wọn bínú sí i, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò lè dá ọ̀rọ̀ sọ mọ́, àfi kó máa tún ìparí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ gbẹ dànù, ohùn rẹ̀ nìkan ló kù nínú àpáta. Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi ń pe ohùn tí òkè bá dá padà ní ẹ́kò.

Mo rò pé ó yé wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ọmọ Òkukù ni ìyá náà, ilé ọkọ ló gbé e dé Ìkìrun, ẹ̀kọ ló sì ń rò tà.

"Tíṣà, ẹ gbà mí o! Ọmọ yín ò fẹnu kan ẹ̀kọ láti àná. Ó ní ẹ sọ pé obìnrin kan sọ̀rọ̀ jù, ló bá di ẹ̀kọ!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ojú sì ń tì mí. Mo ṣàlàyé títí, ọmọ náà kò gbà. Ni mo bá kó gbogbo kíláàsì, àti ìyá, a gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ sí ìdí òkè. Mo ní kí ọmọ náà béèrè fúnra rẹ̀.

Ó ké tantan: "Ṣé ẹ̀kọ ni ọ́?"

Òkè dáhùn: "Ẹ̀kọ ni ọ́!"

Inú bí ọmọ náà. "Èmi kọ́!"

"Èmi kọ́!"

Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "O gbọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun kọ́!"

Bí ẹ̀rín ṣe rọlẹ̀, ìyá náà bi mí pé, "Tíṣà, ṣé obìnrin yìí lọ́kọ?"

Mo ní rárá. Ọkùnrin arẹwà kan ló wù ú, Nàsísọ́ọ̀sì, àmọ́ òjìji ara rẹ̀ nínú omi ni ìyẹn ń wò títí tó fi kú. Òdòdó kan hù níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

"Ẹni tó ń fi odò ṣe jígí ló wá di òdòdó?" Ó pòṣé. Ó kọjú sí òkè, ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. "Pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin."

"Arábìnrin."



Nígbà tí a padà dé, àkókò ìṣirò ti lọ. Ọ̀gá ilé ìwé dúró dè wá. "Tíṣà, níbo lẹ kó àwọn ọmọ lọ?"

Kí n tó lanu, gbogbo wọn ké lẹ́yìn mi: "Àwọn ọmọ lọ!"

Ọ̀gá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní kí n lọ kọ́ wọn ní ìṣirò, kí n sì jẹ́ kí àwọn ará Gíríìkì sinmi títí sáà yóò fi parí.