Irà Tí Mo Kọ Sórí Máàpù

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Kẹ́hìndé, kò ní kòkó. Àkùrọ̀ ló ní, ní àfonífojì tó wà lọ́nà Ìgèdè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n bí ojú, tirẹ̀ a máa tutù yọ̀yọ̀. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ yẹn ló fi tọ́ mi, ló fi rán mi nílé ìwé, títí mo fi di ayàwòrán máàpù ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ní Adó.

Mo dé ọ́fíìsì tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fújà. Mo sọ fún wọn pé aṣọ ni ẹni tó tọ́ mi ń tà ní Ọjà Ọba. Kí ni mo fẹ́ fi irọ́ yẹn rà? Mi ò mọ̀ títí di òní.

Lọ́dún 1977, nígbà òjò, a lọ wọn àfonífojì náà. Omi ti bo àkùrọ̀ pátá. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, ará Ìbàdàn, bi mí pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ń dáko níhìn-ín?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò bi mí pé ta ni. Mo ní, "Irà lásán ni, sà." Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi kọ IRÀ sórí máàpù.

Lọ́dún kejì, ìjọba fẹ́ gé ibẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì ilé. Olóko nìkan ni wọn yóò fún ní ilẹ̀ mìíràn. Ìyá Kẹ́hìndé gbé ẹ̀fọ́ wọ ọ́fíìsì wa láti fi hàn pé òun ń dáko níbẹ̀, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mi ò dọ̀bálẹ̀. Mo kàn ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," bí ẹni ń kí àlejò. Ó wò mí, ó wo ọ̀gá mi, ó yé e.

Ọ̀gá tẹ́ máàpù méjì sílẹ̀. Lórí èyí tí wọ́n yà láyé òyìnbó, oko kún etí odò. "Ti tuntun là ń lò, mà," ló wí.

Ìyá Kẹ́hìndé yíjú sí mi. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀wé. Kí ni wọ́n kọ sí oko mi?"

Ó pè mí ní ọ̀gá, èmi tó fi ẹ̀yìn pọ̀n! Ǹ bá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe níbẹ̀, àmọ́ ojú ń tì mí. "Irà," ni mo kà.

"Háà. Ẹni tó kọ ọ́ kò jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀ rí nìyẹn."

Ó gbé ẹ̀fọ́ náà sórí tábìlì mi. "Ẹ gbé e lọ ulé fún ìyàwó yín." Ó sì jáde.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Èmi ò gbẹ o. Àkùrọ̀ Ìyá Kẹ́hìndé ni wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí, tí wọ́n kọ́lé lé. Ìyàwó mi se ẹ̀fọ́ náà. Mo jẹ ẹ́ tán.